Àwọn Òkú Inú Àwo Dígí

Àwọn òkú tí wọ́n torí wọn ránṣẹ́ pe Mùjíbátù láàárọ̀ ọjọ́ náà, ojú lásán kò lè rí wọn. Kò sí ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀, kò sí aṣọ tí wọ́n fi bo ẹnikẹ́ni. Àwo dígí pẹlẹbẹ kan ló wà lórí tábìlì. Omi pupa rẹ́súrẹ́sú wà nínú rẹ̀, àwọn òkúta funfun bíi mélòó kan sì rì sínú omi náà.

"Ẹ wá wò ó, màdáámú," ni Dókítà Títíladé wí. Ojú rẹ̀ ti wú fún ẹkún.

Mùjíbátù bọ́ awò ojú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ojú kan sí ihò ẹ̀rọ tó ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ohun tó rí dà bí ẹyin ẹja tí oòrùn ti pa: wọ́n rí róbótó, wọn kò mira, òmíràn sì ti bẹ́.

"Títí di àná, gbogbo wọn wà láàyè," ni dókítà wí. "Lónìí, kò ku ẹyọ kan."

"Ta ni wọ́n?"

Ìbéèrè náà ya Títíladé lẹ́nu, ṣùgbọ́n ó rí i pé òun gan-an ni ìbéèrè tó yẹ kí wọ́n bi òun. "Humairah ni wọ́n," ló dáhùn. "Ẹsẹ̀ Humairah ni."

Ó ti pẹ́ tí Mùjíbátù ti ń ṣiṣẹ́ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ní àwọn ìgbèríko Ìbàdàn. Kò fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tí kò níṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn ọlọ́pàá tó wà lábẹ́ rẹ̀ máa ń sọ pé bí ènìyàn bá fẹ́ kí Alájà, bí wọ́n ṣe ń pè é, bínú, kí ó kí i lẹ́ẹ̀mejì. Ó fa àga kan, ó jókòó. "Ẹ sọ ọ́ bí ẹni ń sọ fún ọmọdé, dókítà. Ẹ má fi nǹkan kan ṣòfò."

Títíladé sọ ọ́. Humairah jẹ́ ọmọbìnrin tó ń kọ́ṣẹ́ aránṣọ ní Lálùpọn. Ọ̀kadà gbé e ṣubú, egungun ojúgun rẹ̀ fọ́ yángá, ó sì kẹ̀. Wọ́n yọ èyí tó kẹ̀, àlàfo wá ṣí sílẹ̀ níbẹ̀. Títíladé fa mùdùnmúdùn láti inú egungun ìbàdí ọmọ náà, ó ṣa sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ jáde nínú rẹ̀, ó sì ń tọ́ wọn bí ẹni ń tọ́ òròmọdìẹ.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì wọ̀nyí kò tíì yan iṣẹ́," ló wí. "Wọ́n lè di ọ̀rá, wọ́n lè di kerekere, wọ́n lè di egungun. Ilé tí a bá kó wọn sí ni yóò sọ èyí tí wọ́n máa dà fún wọn. Seramíìkì yìí ni ilé náà. Egungun màálù ni a sun, tí a lọ̀ kúnná, tí a pò mọ́ sítáàṣì ẹ̀gẹ́, tí a sì tún sun. Iná á jó sítáàṣì dànù, ibi tó wà á di ihò. Ẹ̀jẹ̀ á gba ihò náà wọlé. Sẹ́ẹ̀lì á dì mọ́ ara seramíìkì tó rí ṣákaṣàka, á rò pé àárín egungun lòun wà, á sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ egungun."

"Bí ilé náà kò bá dára ńkọ́?"

"Bó bá dán jù, wọ́n á kàn jókòó lásán. Bí májèlé bá wà nínú rẹ̀..." Ó na ọwọ́ sí àwo dígí náà.

"Ṣé gbogbo sẹ́ẹ̀lì ọmọ náà ló kú yìí?"

"Ìdajì ni. Ìdajì tó kù wà nínú ẹ̀rọ amóoru yẹn. Wọ́n ti dàgbà tó. Bí wọ́n bá kọjá ọ̀la láìrí ilé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í gbó. Egbò ọmọ náà kò sì lè dúró de òmíràn. Oníṣẹ́ abẹ ti sọ fún mi pé bí kò bá sí ohun tóun máa fi dí àlàfo náà lọ́sẹ̀ yìí, òun á gé ẹsẹ̀ náà."

"Kí ló dé tí ẹ kò fi kó wọn sórí seramíìkì mìíràn?"

"Àpótí kan náà ni gbogbo rẹ̀ wà. N kò mọ èyí tí wọ́n ti fọwọ́ bà. Kí a sì tó sun tuntun, ọ̀sẹ̀ á ti gorí ọ̀sẹ̀."

Mùjíbátù dìde. Ilé àyágbé kan ní Ajíbọ́dé ni Títíladé sọ di yàrá iṣẹ́. Irin wà lójú fèrèsé rẹ̀, agadagodo ẹnu ọ̀nà kò sì já. Lórí ilẹ̀, nítòsí àpótí seramíìkì, ó rí ojú ẹsẹ̀ tábìlì mẹ́rin lára rọ́bà ilẹ̀. Tábìlì fúnra rẹ̀ kò sí lójú àmì náà mọ́. Wọ́n ti sún un kúrò ní igun.

"Ta ló sún tábìlì yìí?"

"N kò mọ̀. Bóyá Najeem ni, nígbà tó ń gbálẹ̀. Òun ló ń bá mi sun seramíìkì."

"Ta ló ní kọ́kọ́rọ́?"

"Èmi àti Najeem. Ọlájídé náà ní in tẹ́lẹ̀. A jọ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí ni, ṣùgbọ́n a ti pín gaàrí. Ó fẹ́ kí a yára gbé e fún ilé iṣẹ́ kan ní Èkó, mo ní ó di ìgbà tí ẹnì kan bá fi rìn. Ó ní n ó kábàámọ̀ rẹ̀."

Mùjíbátù mú seramíìkì kan nínú àpótí. Ìka rẹ̀ di funfun. Ó fi ìka ra ìka, ó gbóòórùn rẹ̀: ẹfun ni, ẹfun ọjà lásán. Ó fi èékánná ha á, ó wá fi ẹ̀yìn òòlù kékeré kan lù ú. Ó là sí méjì. Àárín rẹ̀ dúdú bí èédú.

Títíladé pariwo.

"Ẹ kò rí i pé ó ń kùn yín lọ́wọ́?" Mùjíbátù bi í.

"Mo rò pé ìyẹ̀fun ara rẹ̀ ni. Iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, mo ń kánjú kó tó tún lọ."

"Ìkánjú yẹn náà wà lára àwọn tí mo máa fura sí," ni Mùjíbátù wí, ó sì di egungun dúdú náà sínú ìnujú rẹ̀.

* * *

Yàrá Ọlájídé kò jìnnà. Ó ń di ẹrù nígbà tí Mùjíbátù kan ilẹ̀kùn. Àwọn páálí ìwé wà nílẹ̀ káàkiri.

"Ẹ káàárọ̀, Alájà. Ṣé kí n jókòó ni, àbí kí n na ọwọ́ fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀?"

"Ẹ jókòó. Bó bá kan ọwọ́, n ó sọ fún yín."

"Títíladé ló rán yín sí mi."

"Òkú ló rán mi."

Ọlájídé rẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé òun nìkan ló ń rẹ́rìn-ín, ó dákẹ́. Mùjíbátù ti ń wo abọ́ kan lórí fèrèsé. Seramíìkì funfun ló kún inú rẹ̀.

"Níbo lẹ ti rí àwọn wọ̀nyí?"

"Àwọn tó sán ni. Mo kó wọn nígbà tí mò ń lọ. Ohun ìrántí ni."

"Ohun ìrántí tẹ́nì kan kò fún yín."

Ó mú ọ̀kan, ó já ọ̀rá omi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kán omi díẹ̀ sí i. Seramíìkì náà fa omi mu lójú ẹsẹ̀, bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ó ṣẹ́ ẹ. Inú rẹ̀ funfun, ihò wẹ́wẹ́ róbótó sì kún un bí inú búrẹ́dì. Ó tú ìnujú, ó gbé egungun dúdú sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí ihò róbótó nínú èyí. Ojú ọ̀nà tín-ín-rín tó gùn ló wà níbẹ̀, irú èyí tó máa ń wà nínú egungun tí a kò lọ̀ rí.

Ọlájídé na ọrùn wò ó, ó fà sẹ́yìn. "Kí lèyí? Ẹni tó ṣe é kò mọ nǹkan kan nípa iṣẹ́ wa."

"Àbí ó fẹ́ kí a rò bẹ́ẹ̀."

"Ẹ gbọ́, Alájà." Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bí mo bá fẹ́ ba iṣẹ́ obìnrin yẹn jẹ́, n kò ní pa sẹ́ẹ̀lì kankan. Seramíìkì rẹ̀ gan-an ni n ó tún kó sínú iná, kó gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn ihò kéékèèké á dí, ara rẹ̀ á dán. Kò ní yí àwọ̀ padà. Sẹ́ẹ̀lì á wà láàyè lórí rẹ̀, wọ́n á máa wo ara wọn níran. Wọ́n á fi sí ẹsẹ̀ ọmọ náà, wọ́n á rán an pa. Títíladé kò ní mọ̀ títí ọmọ náà á fi gbẹ́sẹ̀ lé ilẹ̀ tí yóò sì tún kán. Ìyẹn ni n ó ṣe."

Mùjíbátù di egungun dúdú náà padà sínú ìnujú. Ó gbà á gbọ́. Ẹni tó ti ronú ibi dé irú ibẹ̀ yẹn kò ní máa fi ẹfun kun egungun.

"Ẹ má kúrò ní Ìbàdàn," ló sọ fún un.

"Mo rò pé ẹ ti gbà mí gbọ́?"

"Mo gbà yín gbọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ má lọ."

* * *

Nínú ọkọ̀, ó tún yẹ egungun náà wò. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ ju ti màálù lọ. Egungun itan àgbò ni. Ó ti rí irú rẹ̀ púpọ̀ ní ọjọ́ Iléyá. Nínú kòtò kékeré kan lára rẹ̀, ó fi abẹ́rẹ́ tó fi de ìborí rẹ̀ tú nǹkan kan jáde. Kóró gàrí ni, ó ti jóná. Ààrò tí wọ́n ti ń yan gàrí ni wọ́n ti sun egungun yìí.

Ohun tó wá dà á lọ́kàn rú ni etí egungun náà. Ẹni náà ti fi sanpépà ha á yíká, díẹ̀díẹ̀, kí ó má baà gún ẹran ara. Ta ni yóò ṣe irú aájò bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ ṣe ní jàǹbá? Kí ló sì dé tó fi kọ egungun màálù sílẹ̀ fún ti àgbò?

Nígbà tó padà dé yàrá iṣẹ́, Najeem ti dé. Ọ̀dọ́mọkùnrin gíga ni, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ lọ́jọ́ mìíràn.

"Ọmọ Lálùpọn ni ọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Wọ́n ń yan gàrí nílé yín?"

"Ta ni kì í yan gàrí ní Lálùpọn, mà?" Ó gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín. Òógùn ti bo iwájú orí rẹ̀.

"Ta lo sọ fún nípa ibi tí egungun màálù yín ti ń wá?"

Najeem wo Títíladé, ó wo ilẹ̀. "Àwàdà ni mo ń ṣe, mà."

"Ṣe àwàdà náà kí n gbọ́."

"Nígbà tí Bàbá Humairah kọ́kọ́ mú un wá, dókítà fún wọn ní seramíìkì kan tó sán kí wọ́n fọwọ́ kàn án. Bàbá wá fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ní egungun kí ni. Mo ní ti màálù. Wọ́n ní ta ló dúńbú ẹ." Ó gbé itọ́ mì. "Mo ní, 'Bàbá, tírélà ló dúńbú ẹ, ní Ìyànà Ọ̀fà.'"

"Wọ́n rẹ́rìn-ín?"

"Rárá, mà. Wọ́n di èyí tó sán náà mọ́ ọwọ́, wọ́n sì mú un lọ sílé."

"Ìgbà tí wọ́n tún padà wá ńkọ́?"

"Ayìlá, ìrun ọ̀sán, ti kọjá díẹ̀. Wọ́n ní kí n júwe ibi tí wọ́n á ti ṣe àlùwàlá. Mo ní kí wọ́n kírun nínú yàrá yìí. Mo fa ilẹ̀kùn dé kí ẹnì kankan má baà gba iwájú wọn kọjá."

Mùjíbátù wo àlàfo tó wà láàárín tábìlì àti ògiri. Ó gba ẹní ìkírun kan géérégé, ó sì kọjú sí gábàsì. Àpótí seramíìkì wà lápá ọ̀tún rẹ̀, ní ibi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó á ti tó o.

"Kò yé mi," ni Títíladé wí. "Kí ló kan tírélà?"

"Ẹran tí a kò dúńbú, òkúǹbete ni," Mùjíbátù dá a lóhùn. "A kì í jẹ ẹ́. Ẹ wá fẹ́ fi í sínú ẹsẹ̀ ọmọ rẹ̀, kó máa gbé e kiri títí ayé." Ó yíjú sí Najeem. "Níbo ni egungun náà ti wá ní tòótọ́?"

"Lọ́wọ́ Ṣítù alápatà, mà. Waláhì, kò sí tírélà kankan."

"Kó sínú ọkọ̀. Ẹ̀yin náà, dókítà."

* * *

Òjò ṣú dúdú lókè Lálùpọn. Èéfín ààrò gàrí kò lè gòkè. Ó ń rìn nílẹ̀ láàárín àwọn ilé. Kifayah, ìyàwó Sàníù bàbá Humairah, ń yan gàrí lọ nínú agbada. Humairah jókòó sórí àpótí nítòsí rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì dì, àwọn eṣinṣin sì ń bà lé e. Òórùn egbò náà ti kọjá ohun tí èéfín lè bò.

Sàníù wà lórí ẹní, ó ń fa tẹ̀súbáà. Òun ni àdúgbò máa ń pè láti dúńbú ẹran nígbà ìnáwó, nítorí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká. Bó ti rí Títíladé, ó dìde tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Dókítà wa! Ṣé wọ́n ti ń hù?"

Mùjíbátù jókòó sétí ẹní, ó tú ìnujú, ó gbé egungun dúdú síwájú rẹ̀.

"Àgbò wo nìyí, Bàbá?"

Ẹ̀rín kúrò lójú Sàníù. "Èyí tí mò ń sìn de Iléyá ni. Fúnra mi ni mo dúńbú ẹ fún un, lórúkọ Ọlọ́run. Èyí tó sán ni mo fi wọn ìwọ̀n rẹ̀. Mo sun ún títí ó fi funfun. Ibi tí kò funfun ni mo fi ẹfun kùn." Ó gbójú sókè. "Ó mọ́, Alájà. Kò sí èyí tó mọ́ tó o."

"Ó pa wọ́n, Bàbá."

"Ó pa ta ni?"

"Sẹ́ẹ̀lì ọmọ yín. Ààrò gàrí kò gbóná tó láti jó inú egungun mọ́. Ọ̀rá àti èéfín tó kù nínú rẹ̀ ló pa wọ́n. Ìdajì ti lọ. Bí ìdajì tó kù kò bá rí ilé lọ́la, wọ́n á gé ẹsẹ̀ náà. Níbo lẹ kó tiwọn sí?"

Agbada Kifayah dákẹ́. Humairah ń wo bàbá rẹ̀.

"Mo sin ín," ni Sàníù wí. "Bí a ti í sin òkúǹbete, kí ajá má baà hú u."

"Ẹ hú u."

"N kò ní hú u."

"Bàbá," ni Humairah pè.

Najeem ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Irọ́ ni mo pa, Bàbá! Ẹ dákun. Kò sí tírélà."

"Èwo ni irọ́ nínú rẹ̀?" Sàníù bi í. "Ti ìjọ́sí, àbí ti òní? Ẹ̀rù ọlọ́pàá ń bà ọ́. Èwo ni kí n gbàgbọ́?"

Mùjíbátù rí i pé òótọ́ ni bàbá náà sọ. Ìbúra Najeem kò wúlò mọ́. Ó yọ fóònù, ó ní kí Najeem pe nọ́ńbà Ṣítù alápatà, ó sì ṣí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí gbogbo wọn lè gbọ́. Kò sọ ẹni tó wà níbẹ̀ fún Ṣítù. Ó kàn bi í pé egungun tí Najeem wá kó gbẹ̀yìn, ara màálù wo ni.

"Èyí tó wá kó gbẹ̀yìn?" Ariwo ọjà wà lẹ́yìn Ṣítù. "Màálù ìsọmọlórúkọ ilé Ishaq ni. Èmi kọ́ ni mo dúńbú ẹ o, mo kàn bá wọn kun ún ni. Sàníù ló dúńbú ẹ. Ẹ bi wọ́n, màálù dúdú tó funfun níwájú orí, tó kọ́kọ́ já okùn tó lé gbogbo wa wọ ilé. Ìkòkò kankan kò gba egungun ẹsẹ̀ rẹ̀, ni Najeem bá ní kí n kó o fún òun."

Mùjíbátù pa fóònù. Kò wo ojú Sàníù.

Tẹ̀súbáà bọ́ lọ́wọ́ bàbá náà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bí ẹni pé ọwọ́ ẹlòmíràn ni. "Funfun níwájú orí," ló wí. "Bẹ́ẹ̀ ni. Ó ta mí nípàá lórókún." Ó fọwọ́ kan orókún náà. "Èmi ni mo ṣe bísímílláhì lé e lórí. Ohun tí mo fọwọ́ ara mi sọ di ẹ̀tọ́ ni mo lọ sin bí òkú."

Òjò bẹ̀rẹ̀. Sàníù kò dúró de ọkọ́. Ó lọ sẹ́yìn ilé, ó kúnlẹ̀ sídìí igi ìyeyè, ó ń fi ìka hú ilẹ̀. Kifayah sáré bò ó lórí pẹ̀lú ọpọ́n gàrí. Agolo kan jáde. Ẹrẹ̀ ti wọ inú rẹ̀. Àwọn seramíìkì náà ti pọ́n bí eyín arúgbó.

"Ṣé wọ́n ṣì wúlò?" Mùjíbátù bèèrè.

Títíladé ń fi omi òjò ṣan ọ̀kan. "Iná á jó ẹrẹ̀ náà dànù. Kò gbọdọ̀ gbóná jù, kí ihò rẹ̀ má dí. Kò gbọdọ̀ rọ̀ jù, kí ìdọ̀tí má kù níbẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "N kò lè búra."

"Ẹnì kankan kò ní kí ẹ búra. Ìbúra ti tó fún tòní."

* * *

Lọ́jọ́ kejì, wọ́n kó ìdajì tó kù sórí seramíìkì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tutù. Ní òwúrọ̀ ni. Nígbà tí oòrùn yẹ̀ sí ìwọ̀ oòrùn, Títíladé gbé àwo dígí náà sábẹ́ ẹ̀rọ, ó wò ó, ó sì yẹra fún Mùjíbátù.

Mùjíbátù wò ó tẹ̀lé e. Wọ́n rí róbótó. Wọn kò mira. Bákan náà ni wọ́n rí pẹ̀lú àwọn òkú àná.

"Báyìí ni wọ́n ṣe máa ń rí ní ìbẹ̀rẹ̀," ni Títíladé wí. "Bí wọ́n bá fẹ́ràn ilé náà, wọ́n á dì mọ́ ọn, wọn kò sì ní rí róbótó mọ́. Bí wọn kò bá fẹ́ràn rẹ̀..."

Sàníù jókòó sí igun tó ti kírun lọ́jọ́sí. Láti àná ni kò ti jẹun. Najeem wà lẹ́nu ọ̀nà.

"Lẹ́yìn èyí, Bàbá," ni Mùjíbátù wí, "ẹ̀yin àti èmi ń lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Ẹ jí ohun olóhun. Mi ò ní ṣe bí ẹni pé n kò rí i."

"Mo gbọ́. Ẹ jẹ́ kí n wò ó ná."

Mùjíbátù sún un mọ́ ẹ̀rọ náà. Sàníù kò mọ bí wọ́n ti ń wò ó. Ó di ojú méjèèjì, ó tún la ọ̀kan. Ó pẹ́ lórí ìdúró. Ẹ̀rọ amóoru ń kùn yùnmù-yùnmù. Mùjíbátù rí i tí ètè rẹ̀ ń mira, ó sì rò pé ó ń gbàdúrà ni.

"Ọ̀kan wà létí ihò kan níbí," ni Sàníù wí, wẹ́rẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. "Kò rí róbótó mọ́."

Títíladé súnmọ́ ọn. "Báwo ló ṣe rí, Bàbá?"

"Ó na ẹsẹ̀."